Ẹ Má Fi Òróró Dòdò Pa Singer Ìyá Yín

Ìbà ẹ̀yin ìyá, ìbà ẹ̀yin baba, ìbà gbogbo ẹni tó fi ẹsẹ̀ tẹ irin títí tí ọmọ rẹ̀ fi dé fìlà ìkẹ́kọ̀ọ́jáde. Mo tọrọ gáfárà kí n tó la ẹnu, nítorí ẹni tí yóò ṣẹ̀fẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá ibi tí yóò sá gbà. Lónìí, mo fi àwọn olóṣèlú sílẹ̀. A ti bú wọn títí, ńṣe ni wọ́n ń sanra sí i. Ẹ̀yin tí ẹ ní maṣíìnì ìránṣọ àtijọ́ nílé, ẹ̀yin tí ẹ ń tún un ṣe, àti ẹ̀yin tí ẹ ń fi í jẹun, ẹ sún mọ́bí, ẹ jókòó. Ọ̀rọ̀ yín ni mo gbé wá. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá bá, kó má wojú aládùúgbò.

Ẹ mọ maṣíìnì tí mò ń wí. Ó dú bíi kóró iṣin, góòlù wà lára rẹ̀ bí ọrùn ìyàwó tuntun, wọ́n rọ orúkọ Singer sáàárín ẹsẹ̀ irin rẹ̀, bẹ́líìtì awọ sì gba inú wíìlì ńlá ìsàlẹ̀ lọ sí wíìlì kékeré lókè. Ó ní dúrọ́ọ̀ lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Inú dúrọ́ọ̀ ọ̀tún ni bọ́bìnnì àti abẹ́rẹ́ ń gbé. Inú ti òsì ni ìyá yín ń kó gbogbo ohun tó kù láyé sí: káàdì àjọ, ìwé ìbí yín, oògùn orí fífọ́, bọ́tìnnì tí kò ní èkejì, àti fọ́tò bàbá yín nígbà tí ikùn wọn ṣì mọ níwọ̀n.

Àwọn tó mọ̀ ọ́n máa ń pè é ní 15K, 66K tàbí 99K. Mo gbọ́ tí alátùn-únṣe kan ń ṣàlàyé fún oníbàárà rẹ̀ pé "kì í kú" ni K yẹn dúró fún. Irọ́ náà dùn, ṣùgbọ́n irọ́ ni. Kilbowie ni K, àdúgbò kan ní Clydebank ní ilẹ̀ Scotland, níbi tí ilé iṣẹ́ Singer ti ń ṣe maṣíìnì láti 1885 títí di 1980. Aago gàgàrà kan ti wà rí lórí ilé ìṣọ́ ilé iṣẹ́ náà, ojú rẹ̀ fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 26. Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ ayé: ibi tí aago ti tóbi tó báyìí ni maṣíìnì yẹn ti wá, òun náà ni télọ̀ yín jókòó tì tó ń sọ pé, "Ẹ padà wá lọ́jọ́ Jímọ́, bọ́tìnnì ló kù."

Kí ẹ má baà ní ẹ̀yin nìkan ni mo dójú lé, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fọwọ́ ba ẹni tó fi orúkọ rẹ̀ sára irin náà. Òkú òyìnbó kò kúkú lè pè mí lẹ́jọ́. Isaac Merritt Singer, ọmọ Amẹ́ríkà, òṣèré orí ìtàgé ni kó tó bọ́ sídìí maṣíìnì. Ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ ọdún 1851 ni ìjọba ibẹ̀ fún un ní ìwé àṣẹ. Ṣùgbọ́n Elias Howe ti gba ìwé àṣẹ tirẹ̀ ní 1846, lórí maṣíìnì tí ojú abẹ́rẹ́ rẹ̀ wà níbi ṣóńṣó, tí òwú òkè àti òwú ìsàlẹ̀ sì ń so kọ́ra. Howe gbé Singer lọ sí kóòtù. Ní 1854, Singer ka 15,000 dọ́là fún un, ó panu mọ́. Nílé pàápàá, ọkùnrin yìí kò sinmi: ó kó obìnrin sí ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó sì bí ọmọ tó lé ní 20. Ẹ wá ń bi mí ìdí tí òwú Singer yín fi ń lọ́ mọ́ra. Inú ẹ̀jẹ̀ ló wà.

Lọ́yà kan tó ń jẹ́ Edward Clark, tó jẹ́ alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀, rí i pé owó maṣíìnì wúwo fún mẹ̀kúnnù. Ní 1856, ó ní kí wọ́n máa gbé e lọ sílé, kí wọ́n máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àwọn òyìnbó kọ ọ́ sínú ìwé pé ọgbọ́n ńlá ni. Ẹ bi àwọn Ìjẹ̀ṣà. Òṣómàáló ni Clark ń ṣe. Ohun tó kù fún un kò ju pé kó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà oníbàárà, kó ní òun ò ní dìde àfi tí òun bá gbowó òun.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wálé. Ẹ̀yin tí ẹ sọ maṣíìnì di tábìlì, mo kí yín. Mo wọ pálọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan, mo rí léèsì funfun tí wọ́n tẹ́ lórí nǹkan, tẹlifíṣọ̀n lórí léèsì, òdòdó oníke lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Mo wo ìsàlẹ̀, mo rí ẹsẹ̀ irin. Mo ní, "Ṣé kì í ṣe maṣíìnì Màmá nìyí?" Ó ní, "Òun ni. A kàn fi ń rántí wọn ni." Ìrántí rèé! Ẹni tí ẹ ń rántí, ẹ gbé ẹrù lé e lórí. Àwọn olówó tún burú ju ìyẹn lọ. Wọ́n á gé orí maṣíìnì, wọ́n á tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù, wọ́n á gbé gíláàsì lé ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n á máa mu kọfí lórí rẹ̀. Orí tó mọṣẹ́ ti lọ sínú iná àwọn ayọ́rin. Ẹsẹ̀ tí kò lè dá ohunkóhun ṣe ló wà níwájú ẹ̀rọ amúlétutù tó ń jẹ̀gbádùn. Mo ní mi ò ní sọ̀rọ̀ ìṣèlú lónìí, nítorí náà ẹ jẹ́ ká kọjá.

Ẹ̀yin olóróró, ọ̀dọ̀ yín ni mo kàn. Ta ló sọ fún yín pé gbogbo ohun tó bá ń yọ̀ ni epo maṣíìnì? Mo mọ ìyá kan tó jẹ́ pé òróró tí wọ́n fi dín dòdò lálẹ́ ni wọ́n ń bù sínú maṣíìnì láàárọ̀. Tí ẹ bá wọ aṣọ tí wọ́n rán, ebi á bẹ̀rẹ̀ sí í pa yín. Ẹlòmíràn a da epo pupa sí i, òmíràn a lọ bu epo dúdú tí mẹ́káníìkì ti dà nù. Ọ̀kan tiẹ̀ gbé òróró àdúrà wá láti ṣọ́ọ̀ṣì, ó ta á sí maṣíìnì lórí, ó ní kó dìde lórúkọ Jésù. Maṣíìnì ò dìde. Kì í ṣe pé kò nígbàgbọ́. Òróró àná ló ti gan sí i nínú.

Òróró oúnjẹ kì í pẹ́ kó tó yíwà padà. Bí atẹ́gùn bá ti ń fẹ́ sí i, á ki, á lẹ̀, á wá gan bí àtè tí a fi ń mú ẹyẹ. Irin méjì tó yẹ kó máa yọ̀ lórí ara wọn á lẹ̀ mọ́ra bí ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé àti ọkọ rẹ̀. Wíìlì ò ní yí mọ́. Ìgbà yẹn lẹ máa gbọ́ pé, "Àwọn ayé ti dè mí lọ́wọ́ iṣẹ́." Ayé wo? Dòdò ló dè yín.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ, nítorí 15K ìyá mi ti gan bẹ́ẹ̀ rí. Mo tú irin pẹlẹbẹ abẹ́ abẹ́rẹ́, sukúrúù méjì péré ló dè é. Ohun tí mo bá lábẹ́ rẹ̀ ti kúrò ní ìdọ̀tí, tìmùtìmù ni. Ẹ̀gbọ̀n òwú ti dì sáàárín eyín kéékèèké tó ń fa aṣọ lọ, ó le bí òfì. Mo bá orí abẹ́rẹ́ mẹ́ta tó ti kán nínú rẹ̀, ẹyin aáyán, àti àjákù aṣọ ẹbí tí a fi sìnkú bàbá àgbà, aṣọ tí ìyá mi búra nígbà yẹn pé kò ṣẹ́kù kankan. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àlòkù gbọ̀n ọ́n jáde. Mo kán kẹrosíìnì sí gbogbo ihò epo àti gbogbo ibi tí irin ti ń fara ra irin, mo fi í sílẹ̀ mọ́jú. Nígbà tí mo fọwọ́ kan wíìlì láàárọ̀, ó mì díẹ̀, bí arúgbó tí wọ́n jí lójú oorun. Mi ò fipá mú un. Mo tún kán òmíràn sí i. Lọ́jọ́ kẹta, ó yí, omi tó sì ṣàn jáde lára rẹ̀ dà bíi gbẹ̀gìrì tó kan.

Ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa: kẹrosíìnì kì í ṣe epo maṣíìnì. Fífọ̀ ló ń fọ ìdọ̀tí, tó bá ti gbẹ, irin á tún máa ha irin. Mo nù ún kúrò, kí epo maṣíìnì gan-an tó wọlé, èyí tó mọ́ gaara tó sì ń ṣàn bí omi, ẹ̀kán kan sí ihò kan. Ẹ̀kán kan ni mo wí o. Maṣíìnì kì í ṣe ìkòkò ẹ̀fọ́ rírò. Mo wá rán àkísà títí tí epo ò fi hàn lára rẹ̀ mọ́, kó má baà jẹ́ pé léèsì oníléèsì ni yóò mu ìyókù.

Ibẹ̀ ló yẹ kí n dúró sí, ṣùgbọ́n orí mi ti wú. Mo ní kí n tú bọ́bìn kéèsì, ilé bọ́bìnnì, wò. Sukúrúù kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí a fi ń fún òwú ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀ tàbí tú u sílẹ̀, kò tó hóró ìrẹsì. Mo tú u, ó fò, ó bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé níwájú adìyẹ ìyá mi. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, adìyẹ ti ṣà á jẹ. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi tẹ̀lé adìyẹ kiri bí ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ afurasí. Ìyá mi wò mí, wọ́n ní, "Mo ránṣọ kí n lè rán ẹ níléèwé. Ohun tí wọ́n kọ́ ẹ níbẹ̀ lo fi wá rán maṣíìnì mi lọ sọ́run?" Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ọjọ́ Kérésìmesì la tó rí sukúrúù náà, nínú iwe adìyẹ. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá ti fẹ́ ṣe ògá nínú ilé, ìyá mi á ní, "Ẹ má dá a lóhùn. Ìwé rẹ̀ sọ ọ́ nù, iwe ló bá a rí i."

Mo ti bú ara mi, ó wá kan ẹ̀yin alátùn-únṣe. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ pé bí ẹ bá tú maṣíìnì tán, tí ẹ tò ó padà, àwo kan á kún fún ìyókù. Mo bá ọ̀kan nínú yín nídìí iṣẹ́.

"Bàbá, sukúrúù mẹ́ta ṣẹ́kù sílẹ̀ o."

"Má dá wọn lóhùn, ọmọ mi. Àṣejù òyìnbó ni."

Wọ́n gbé wọn sínú agolo mílíìkì kan. Mo wo inú agolo náà, mo rí i pé bí bàbá bá gbàdúrà sí i, odidi maṣíìnì kan lè jáde níbẹ̀.

Ẹ tún wo wíìlì ọwọ́. Sukúrúù ńlá kan wà láàárín rẹ̀ tí a ń tú díẹ̀ tí a bá fẹ́ wé òwú sí bọ́bìnnì, kí abẹ́rẹ́ má baà máa gun afẹ́fẹ́. Wásà kan wà lẹ́yìn rẹ̀, tó ní ìka mẹ́ta níta àti ìwo méjì nínú. Tí ẹ bá dá wásà yẹn padà sódì, ẹ máa tú sukúrúù títí, wíìlì ò ní tú. Kí la ó ṣe? Ẹ yọ ọ́, ẹ yí i sí apá kejì, ó parí. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú méjì ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ti sọ fún ìyá arúgbó pé ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì, pé wọ́n ní láti lọ wá òmíràn ní Èkó. Èkó wo? Abẹ́ àtẹ́lẹwọ́ yín ni Èkó náà wà.

Ẹ̀yin olùkunlẹ́wà ńkọ́? Ẹ rí maṣíìnì tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, tí góòlù rẹ̀ ṣì ń dán, tí àwòrán sphinx, ẹran abàmì Íjíbítì tó lórí ènìyàn tó ní ara kìnnìún, ṣì wà lára rẹ̀. Ẹ ní ó ti gbó. Ẹ fi sáńdípépà ha kìnnìún náà lójú, ẹ fọ́n ọ̀dà dúdú lé gbogbo rẹ̀ lórí, títí kan ihò epo. Ẹni tó dá ara rẹ̀ lójú jù nínú yín a fi sípírítì nù ún, kó lè mọ́. Ohun tí wọ́n fi bo góòlù yẹn lójú láti ilé iṣẹ́, sípírítì máa ń yọ́ ọ ni. Ẹ nù ún lẹ́ẹ̀kan, ó dán. Ẹ nù ún lẹ́ẹ̀kejì, góòlù di eérú. Aṣọ rírọ̀ pẹ̀lú epo maṣíìnì díẹ̀ tó ìwẹ̀ rẹ̀. Arúgbó kì í fi kánhìnkànhìn àti omi gbígbóná wẹ̀ lójoojúmọ́.

Ẹ má rò pé àwa nìkan ni orí ń yí nítorí Singer. Ní 2009, àhesọ kan bẹ́ sílẹ̀ ní Saudi Arabia pé ohun kan tó ń jẹ́ mẹ́kúrì pupa wà nínú abẹ́rẹ́ Singer àtijọ́, pé a lè fi wá ohun ìṣúra, ká fi lé àǹjọ̀nnú, ká tún fi ṣe bọ́ǹbù. Àyẹ̀wò rẹ̀ kò le: ẹ gbé fóònù sún mọ́ abẹ́rẹ́, bí nẹ́tíwọ̀kì bá já, mẹ́kúrì wà níbẹ̀. Àwọn ènìyàn sáré kó owó rẹpẹtẹ sílẹ̀, títí dé 200,000 ríyàl lórí maṣíìnì kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun tó ń jẹ́ mẹ́kúrì nínú abẹ́rẹ́ kankan. Ọlọ́run ló yọ wá tí àyẹ̀wò yẹn kò kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wa. Pẹ̀lú nẹ́tíwọ̀kì tiwa, àti ọlọ àti odó ni wọn ì bá ti bá mẹ́kúrì nínú wọn.

Télọ̀, má yọ́ lọ, ìwọ ni mo fi ṣe àṣekágbá. Bí aṣọ bá ṣe dáadáa, ọwọ́ rẹ ló mọ̀ ọ́n rán. Bí kò bá ṣe dáadáa, maṣíìnì ló bà á jẹ́. Télọ̀ kan ní maṣíìnì òun ń fo. Mo wo abẹ́rẹ́, ó ti tẹ̀ bí ìwọ̀, láti ìgbà Kòrónà ni kò ti pààrọ̀ rẹ̀, ó tún wá fi í sódì. Abẹ́rẹ́ maṣíìnì ní ọ̀nà tóóró kan tó gùn láti òkè dé ojú rẹ̀. Apá ibẹ̀ lòwú ń gbà wọlé. Bí ẹ bá fi ẹ̀yìn rẹ̀ ṣiwájú, ẹ lè tẹ̀ ẹ́ títí ọdún á fi yí, kò ní so. Ó tún ní òwú ń ṣe ìtẹ́ ẹyẹ lábẹ́ aṣọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá bọ́bìnnì jà. Bọ́bìnnì ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Òwú òkè ló bọ́ kúrò láàárín àwo méjì tó yẹ kó fún un mọ́lẹ̀. Ẹ gbé ẹsẹ̀ tó ń tẹ aṣọ sókè kí ẹ tó ki òwú, kí àwo méjèèjì lè yanu, kí ẹ wá sọ ọ́ kalẹ̀ kí ẹ tó rán. Tí ẹ bá sì fẹ́ mọ̀ bóyá òwú ìsàlẹ̀ 15K le jù tàbí ó dẹ̀ jù, ẹ fi òwú rẹ̀ gbé bọ́bìn kéèsì náà kọ́ sófuurufú, ẹ gbọ̀n ọ́n díẹ̀. Bó bá rọra sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ tó dúró, ó dára. Bó bá já wálẹ̀ gbì, ó dẹ̀ jù. Bí kò bá mira, ó le bí ọkàn télọ̀ lọ́jọ́ tí ayẹyẹ ku ọ̀la.

Ẹnì kan wà tí ẹ̀fẹ̀ mi ò ràn. Obíọmà ni, ẹni tó ń gbé maṣíìnì aláfọwọ́yí lé èjìká kiri àdúgbò, tó ń fi ẹnu sísọ́ọ̀sì pe oníbàárà, kà-kà-kà. Mo dúró tì í lọ́jọ́ kan nígbà tó ń dín ṣòkòtò mi. Kó tó fọwọ́ kan aṣọ, ó fa ìgò kékeré kan yọ nínú àpò, ó kán epo sí ihò mẹ́rin tàbí márùn-ún, ó yí wíìlì wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ó fi àkísà nù ún. Mo ní, "Ọ̀gá, ṣé ojoojúmọ́ lẹ ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni?" Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọ tí kò gbọ́n. Ó ní, "Ẹ̀yin náà ń jẹun lójoojúmọ́, àbí?"

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá tún sọ fún yín pé "kì í kú" ni K, ẹ má gbà á gbọ́. Ó ń kú. Òróró ń pa á, ìpata ń pa á, ọ̀dà ń pa á, alátùn-únṣe tó ní agolo mílíìkì ń pa á, èmi náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi adìyẹ pa ọ̀kan. Ọjọ́ orí nìkan ni mi ò tíì rí kó pa á. Wọ́n ti ti ilé iṣẹ́ Clydebank pa láti 1980, èyí tó wà nílé yín yẹn kò ní àbúrò mọ́. Ẹ gbé tẹlifíṣọ̀n kúrò lórí Màmá, ẹ kán epo sí wọn lẹ́nu.